Nígbà Tí Òṣùpá Wọ Ilé Alábẹ́rẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bùwáké, ní ilẹ̀ àwọn Bawulé, Bàbá Kéwú ló kọ́kọ́ sọ ìtàn àkeekèé ojú ọ̀run fún mi. Àbúrò bàbá mi ni. Ràájí ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ àwa ọmọ ilé ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń kọ́ wa ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín àgbàlá wa. Lọ́sàn-án, àwo tánńganran ló ń tà lọ́jà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á fọ ẹsẹ̀, á wé láwàní, á gbé pàṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí ẹní, oníṣòwò ọ̀sán á sì di àlùfáà.

Ayé àwọn Faransé nìyẹn o. Àsíá wọn ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé kọ̀mándà, iná ìjọba ò sì tíì kọjá ilé àwọn òyìnbó àti ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ní àdúgbò tiwa, àtùpà elépo la ní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní í gbàgbé bí òkùnkùn ìgbà yẹn ṣe rí, òkùnkùn tó jẹ́ pé ohùn ìyá rẹ lo máa fi mọ ibi tó jókòó sí. Àmọ́ bó o bá gbójú sókè, ìràwọ̀ á kún ojú ọ̀run bí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní.

Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la máa ń jẹ. Lọ́sàn-án, bí ìyá mi ò bá tíì tọjà dé, a ó ra àtíékè, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n sè, lọ́wọ́ àwọn ìyá Bawulé tí wọ́n ń gbé e kiri nínú ewé, a ó fi ẹja díndín jẹ ẹ́, a ó sì máa lá ìka wa bí ẹni pé oyin ló wà níbẹ̀. Lálẹ́, iyán. Iṣu Bawulé funfun, ó ń fà, ọbẹ̀ ẹ̀pà ìyá mi sì máa ń ta sánsán débi pé àwọn ọmọ Jùlá aládùúgbò wa tí a jọ ń yí táyà kiri á rántí lójijì pé àwọn fẹ́ wá kí wa.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi ní kànga, kí n fọ àwọn wàláà tí a fi ń kéwú, kí n sì wá àkeekèé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Abẹ́ àmù wa tutù, àwọn àkeekèé sì fẹ́ràn ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, mo gbọ́dọ̀ gbọn gbogbo ẹní, kí n yí gbogbo bàtà dà, kí n sì fi igi tú abẹ́ àmù wò. Bí mo bá sáré ṣe é kí n lè lọ ṣeré, bàbá mi á pè mí padà, á ní kí n tún un ṣe, á sì fi ọwọ́ sẹ́yìn máa wò mí.

Ohun kan tún wà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ àkeekèé nílé wa mọ́. Alábẹ́rẹ́ là ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Bàbá mi àti Bàbá Kéwú ló gbé àṣà náà wá láti ilé, láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn, Ìyá Àgbà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ló ní bí èèyàn bá pè é lórúkọ lálẹ́, ó máa dáhùn, ẹsẹ̀ ẹni tó pè é ló sì máa ti dáhùn. Mo gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dárúkọ ẹ̀ ketekete. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jẹ iyán tán, tí wọ́n sì ń fi ìka nu àwo ọbẹ̀ lójú mi.

Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ni ìyá mi ń tà. Abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó ní ibùjókòó lọ́jà ńlá, ó sì máa ń ná ọjà Diabo. Gbogbo àwọn èèyàn wa lọ́jà, Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nílé, bàbá mi ń pè é ní Ìyá Múfú, nítorí èmi Múfútáù. Alábẹ́rẹ́ ti ọjà kì í wọlé, Alábẹ́rẹ́ ti abẹ́ àmù kì í dọ́jà, nítorí náà kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyàwó télọ̀ kan wá láti àdúgbò Nimbo. Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Múfú, Alábẹ́rẹ́ ńkọ́? Ṣé ó wà nínú yàrá?" Orí odó ni mo bá ara mi. Mo figbe ta, obìnrin náà figbe ta, òun náà gun àpótí láìmọ ohun tó ń sá fún. Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó ní, "Níbo ló wà? Níbo ni Alábẹ́rẹ́ wà?" Oníbàárà rẹ̀ ń wò ó láti orí àpótí, ó ń wo Alábẹ́rẹ́ tó gbé bàtà lọ́wọ́, tó ń wá ara rẹ̀ kiri. A fi rẹ́rìn-ín títí, a sì gbàgbé. Ká ní a fi kọ́gbọ́n ni.

Ọdún kan náà ni Bàbá Kéwú fi àkeekèé ojú ọ̀run hàn mí. Àkókò òjò ni, àmọ́ òjò ti dáwọ́ dúró fún sáà kan, ojú ọ̀run sì mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A ti kírun Ìṣáì tán. Ó ní kí n kọjú sí kíbílà, kí n wá wo apá ọ̀tún mi. "Wo ìràwọ̀ tó pọ́n bí ẹyin iná yẹn. Ọkàn ẹ̀ nìyẹn. Wo orí ẹ̀ níwájú. Ó yá, máa tọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, máa lọ, máa lọ, ó ti ká kò. Wo ìràwọ̀ méjì tó fara kan ara wọn nípẹ̀kun. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ nìyẹn." Mo wò, mo wò, lójijì ni ó yọ sí mi, ó tóbi ju gbogbo àdúgbò wa lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo ibẹ̀ kí n má rí i mọ́.

Ó ní ilé méjìlá ni Ọlọ́run tò sójú ọ̀nà tí oòrùn àti òṣùpá ń gbà. Ilé àgbò wà níbẹ̀, ilé akọ màlúù, ilé kìnnìún, ilé òṣùwọ̀n, ilé ọlọ́fà, ilé ẹja. Oòrùn máa ń fi ọdún kan yí gbogbo wọn ká. Òṣùpá, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá, kì í lò ju oṣù kan lọ. Àmọ́ bí òṣùpá bá ti wọ ilé Alábẹ́rẹ́, àwọn àgbà tó kọ́ òun kì í dáwọ́ lé ìrìn àjò, wọn kì í sì í so yìgì, títí á fi jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Mo bi í pé kí ló gbé e dé ojú ọ̀run. Ó ní, "Ìtàn ni o, kì í ṣe kéwú." Ó ní àwọn ará ìgbàanì sọ pé ọdẹ kan wà nígbà tí ìbọn ò tíì dé ayé, síbẹ̀ ẹran ò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdẹ náà fọ́nnu pé òun máa pa gbogbo ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀ tán pátá. Ilẹ̀ gbọ́. Ó yanu díẹ̀, Alábẹ́rẹ́ yọ jáde, ó ta ọdẹ ní gìgísẹ̀, ọdẹ ṣubú. Wọ́n wá gbé àwọn méjèèjì lọ sójú ọ̀run, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé pọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni ọdẹ máa ń yọ lálẹ́, tòun ti ìràwọ̀ mẹ́ta tó fi ṣe ìgbànú. Bí Alábẹ́rẹ́ bá ti ń yọjú níhìn-ín, ọdẹ á wọ̀ lọ́hùn-ún. Títí ayé, wọn ò ní í fojú kanra mọ́.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ní àkókò òjò náà, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí òun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọmọ tí wọ́n bá bí sí ìdálẹ̀, pàápàá àkọ́bí ọkùnrin, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí, kó má baà jẹ́ èdè Jùlá àti Faransé nìkan ló máa gbọ́. Ẹni tó mú iṣẹ́ náà wá ni Bàbá Káríìmù, oníṣòwò ọmọ Ẹjìgbò tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀. Ó ní Ìyá ní, "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọmọ náà kó tó ṣú pátápátá."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa sọ pé rárá? Bàbá mi gbà lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í bá ìyá ọkọ jiyàn, pàápàá tí ìyá ọkọ ò bá sí nítòsí láti gbọ́. Ìyá mi kàn ń rán aṣọ tí màá wọ̀ lọ. Aṣọ náà dára, àmọ́ bọ́tìnnì kan ò gbà. Ìyá mi á rán an tán, á fà á wò, á ní òwú náà ò lágbára, á tún já a. Ẹni tó ń ta òwú fún gbogbo Bùwáké! Ní tèmi, inú mi ń dùn pé màá jókòó sínú kámíọ̀n kọjá ọ̀pọ̀ ìlú. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lójoojúmọ́, màá gbọ́ òórùn aṣọ ìyá mi. Nígbà náà, kámíọ̀n á jáde lọ́kàn mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, bàbá mi ní kí Bàbá Kéwú bá òun wo bí ọjọ́ náà ṣe rí. Èmi ni mo gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá tẹ̀ lé e lọ sí mọ́sáláṣí. Nígbà tí a kírun Ìṣáì tán, ó gbójú sókè. Ààbọ̀ òṣùpá wà lápá ọ̀tún, ó sún mọ́ ìràwọ̀ pupa náà bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Bàbá Kéwú mi orí. A rí Bàbá Káríìmù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà.

"Bàbá Káríìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú Múfú lọ o," Bàbá Kéwú wí. "Òṣùpá wà nílé Alábẹ́rẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá Káríìmù jẹ́. Bàbá mi máa ń sọ pé bó o bá bi í bóyá òjò ń rọ̀, òwe ló máa fi dá ọ lóhùn. Ó wo Bàbá Kéwú, ó wo èmi tí mo gbé búútà dání.

"Òṣùpá wà nílé Alábẹ́rẹ́," òun náà tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ṣé kò wá ṣeé mú kúrò níbẹ̀ ni?"

"Ta ló máa mú un? Ọlọ́run ló gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá fi tipá rìn báyìí, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀."

"Ó yé mi, Àlùfáà. Ẹ má wulẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà bímọ."

Bí a ṣe ń lọ sílé, Bàbá Kéwú ń dá sọ̀rọ̀. "Kí ni ọmọ bíbí wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ òṣùpá?" Nígbà tó yá, ó ní, "Ará Ẹjìgbò!" Ó sì gbàgbé ẹ̀.

Èrò tiwa ni pé Bàbá Káríìmù máa dúró de ọjọ́ díẹ̀ tí òṣùpá á fi bọ́ sílé ọlọ́fà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kámíọ̀n ti gbéra láti ìdájí, Bàbá Káríìmù sì wà nínú ẹ̀. Bàbá mi bínú gan-an. "Ràájí, mo ní kó o bá mi wo ọjọ́, mi ò ní kó o lé àlejò lọ!" Bàbá Kéwú búra pé òun ò lé ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹlòmíì tí bàbá mi lè fọkàn tán láti mú mi lọ, nítorí náà ó ní bí Bàbá Káríìmù bá ti dé, ìrìn àjò ẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bá a lọ.

Ìdùnnú àti ẹ̀rù ló jọ ń bá ìyá mi gbé ní gbogbo àkókò yẹn. Ọjọ́ tí ìdùnnú bá lékè, ọbẹ̀ á dùn. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá lékè, iyọ̀ á pọ̀ jù. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin pé, "Mi ò la ẹnu mi o, àmọ́ bí ọmọ ò bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá, ta ni Ìyá máa rò pé ó dá a dúró?" Ẹnu ìyá ọkọ kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣeré nígbà yẹn. Bó bá fi kanra dárúkọ rẹ pẹ́nrẹ́n, o máa gbọ́ ọ lára.

Ọyẹ́ dé. Ètè wa là, ọdẹ yọ lójú ọ̀run tòun ti ìgbànú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń jẹ iṣu sísun lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Káríìmù wọlé, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irùngbọ̀n ẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Bàbá Múfú," ó ní, "mo jíṣẹ́ yín fún Ìyá. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀."

"Iṣẹ́ wo? Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Àlùfáà tó jókòó yìí ńkọ́? Ó ní kí n má mú ọmọ lọ, pé òṣùpá wà nílé Alábẹ́rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," Bàbá Kéwú dáhùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo wá là á yé Ìyá pé òṣùpá ni ọmọ náà jẹ́ nílé ìyá ẹ̀, pé ìyàwó wa ò lè fi í sílẹ̀."

Gbogbo wa yíjú sí ìyá mi. "Èmi kẹ̀?" ó ní. "Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó wa, Alábẹ́rẹ́ mélòó ló wà ní Bùwáké?"

Bàbá mi rọra kọjú sí àbúrò ẹ̀. "Ràájí. Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀?"

"Lẹ́yìn Ìṣáì."

"Lálẹ́ nìyẹn."

"Lálẹ́ ni. Ṣé mo wá lè dárúkọ ẹ̀ lá…" Bàbá Kéwú gbọ́ ohun tí ẹnu ara ẹ̀ ń sọ. Ó ká ọwọ́ lé orí, láwàní ẹ̀ wọ́ bo ojú ẹ̀ kan. Ẹ̀rín gbé bàbá mi débi pé iṣu fẹ́ há a lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, Bàbá Káríìmù na ìka sí wọn. "Àkeekèé! Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò lè pe nǹkan lórúkọ tí Ọlọ́run sọ ọ́ ni?" Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin ará Ẹjìgbò ńkọ́? Ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ má sọ ọ́ dòwe?"

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ó ní, "Bàbá Káríìmù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ìyá wí?"

Bàbá Káríìmù ní ẹnu ọ̀nà yàrá ni òun bá Ìyá Àgbà, tó ń ran òwú, nítorí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń rí ohun tí ojú ẹ̀ ò rí mọ́. Nígbà tí òun jíṣẹ́ tán, Ìyá dá ìrànwú dúró. Ó béèrè pé, "Lálẹ́ ni Ràájí sọ ọ́ fún ọ, àbí lọ́sàn-án?" Bàbá Káríìmù ní ìbéèrè náà ya òun lẹ́nu, àmọ́ òun dáhùn pé lálẹ́ ni, lẹ́yìn Ìṣáì. Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú padà.

"Ó ní kí òṣùpá máa gbé ilé Alábẹ́rẹ́. Ó ní kí n fún Alábẹ́rẹ́ ní èyí." Bàbá Káríìmù ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òwú àfọwọ́ran kan jáde, ó funfun, wọ́n ká a roboto bí ẹyin. "Ó ní kí n sọ fún un pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé aṣọ mi jáde, ó fi òwú Ìyá Àgbà rán bọ́tìnnì tí kò gbà yẹn. Kò fà á wò. Bọ́tìnnì náà ò já títí aṣọ ọ̀hún fi kéré sí mi lọ́rùn.

Wọn ò sọ̀rọ̀ àtifi mí ránṣẹ́ sílé mọ́. Bùwáké ni mo dàgbà sí, níbẹ̀ ni mo ti lọ sí lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé àwọn Faransé. Nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra mi, mo ti hu irùngbọ̀n, Ìyá Àgbà sì ti lọ. Bí èmi ṣe ń yọ lòun ń wọ̀. Wọ́n fi ẹnu ọ̀nà tó máa ń jókòó sí hàn mí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti tó yé mi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu rẹ̀ sọ àkeekèé ní Alábẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ti dá a lóhùn pé lálẹ́ ni, ó ti mọ̀ pé ìràwọ̀ ni Bàbá Kéwú ń wí, pé òṣùpá ti jáde níbẹ̀ tipẹ́. Kò sí ohun tó ní kó má sọ pé, "Ẹ mú ọmọ ọmọ mi wá." Síbẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ fún ìyá mi.

Lóde òní, iná ti kún Bùwáké, ó ti lé àkeekèé kúrò lábẹ́ àmù, ó sì ti bo ti ojú ọ̀run mọ́lẹ̀. Mo na ìka sí i fún àwọn ọmọ mi, wọ́n ní, "Papá, iná òpó nìyẹn." Wọn kì í kúnlẹ̀ títí iyán fi tán, mi ò sì bínú sí ìyẹn. Tẹlifóònù ti dé pẹ̀lú. Ká ní ó wà nígbà náà ni, Bàbá Kéwú ì bá pe Ìyá Àgbà lọ́sàn-án gangan, ì bá dárúkọ àkeekèé ketekete, gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá yanjú kí iṣu tó jinná. Èmi ì bá sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ òde òní mọ́ kedere, ti àná máa ń rin ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá gbà á á ní àyè láti yàn.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ká ní ìwọ lo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí ojú rẹ ń ṣú lọ, tí ọmọ ọmọ rẹ tí o ò rí rí wà lókèèrè, tí wọ́n wá sọ fún ọ pé òṣùpá wà nílé Alábẹ́rẹ́: Alábẹ́rẹ́ wo ni ìwọ ì bá gbọ́?